Àjà: Yàrá Kejì Oníṣẹ́ Ọwọ́

Bí ènìyàn bá wọ yàrá tí oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti rí òfì, agbọ̀n òwú, igi tí a ti là sílẹ̀, àpótí ìjókòó àti oríṣìíríṣìí ohun èlò. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ara ògiri, tí yóò rí ìṣó tí a fi nǹkan kọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó gbé ojú sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ pàápàá. Wọn a máa ráhùn pé àyè kò gba àwọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àyè púpọ̀ sì wà lófìfo ní òkè orí wọn. Àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Wọ́n fún un ní orúkọ, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́. Àjà ni orúkọ rẹ̀. Ìpamọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Kí a tó sọ ohun tí àjà ń ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tí ilẹ̀ ń ṣe sí ẹrù tí a bá gbé lé e. Ẹ̀rí kan wà ní ìlú Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ ní Igbo'Laja ní ìlú náà. Ó bá àwọn ère amọ̀ sísun níbẹ̀: orí ènìyàn, ọwọ́ ènìyàn, àti ẹkùn tí ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ wọ̀nyí ti wà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dára púpọ̀ ni wọ́n sì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i: amọ̀ tí iná ti sun ni wọ́n. Àwọn tí ó mọ ère wọ̀nyí kò rìn ní ìhòòhò. Wọ́n wọ aṣọ, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n sì gbé ẹrù sínú agbọ̀n. Ilẹ̀ ilú òjò kì í pa irú nǹkan wọ̀nyẹn mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó bá ti iná jáde ni ilẹ̀ lè dá padà lẹ́yìn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Ohun tí ó bá ti ara igi àti òwú wá, ilẹ̀ a máa jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀tá mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ tí ń ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Èkíní ni ọ̀rinrin. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá. Ní àkókò yìí, omi a máa fà wọ inú ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri. Òwú tí a bá kó sílẹ̀ a hu èébú, aṣọ a máa rùn, irin a sì dípẹtà. Èkejì ni ikán. Ikán kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í sinmi. Ó lè wọ ìdí agbọ̀n láti ìsàlẹ̀ kí ojú agbọ̀n ṣì máa dán, títí di ọjọ́ tí a bá gbé e tí ìdí rẹ̀ yóò já sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni eku, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àkísà àti aṣọ ọdún. Obìnrin tí ó bá fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ ran òwú, tí ó rẹ ẹ́ láró, tí ó sì wá bá a lọ́jọ́ kan pé ikán ti jẹ ẹ́, kì í ṣe òwú nìkan ni ó pàdánù. Ó pàdánù ọjọ́ ayé rẹ̀ tí kò lè padà wá, àti owó tí ì bá fi tọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi kọ́ bí a ti ń gbé ohun tí ó níye lórí kúrò nílẹ̀. Nínú ilé àtijọ́, oríṣi àjà méjì ni ó wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni àjà ilé ìdáná. A ó to àwọn igi líle dábùú láti orí ògiri kan dé èkejì, a ó sì tẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lé wọn, kí àlàfo díẹ̀díẹ̀ wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì. Òkè ààrò gan-an ni irú àjà bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Àgbàdo tí a kò tí ì bó, irúgbìn ilá, ata gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́ ni a ń kó sí i. Bí èéfín bá ti ń gòkè láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kòkòrò kò ní lè gbé inú àgbàdo náà, ọ̀rinrin kò sì ní lè ràn án. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, irúgbìn àgbẹ̀ yóò ti wà ní ṣíṣe.

Oríṣi kejì ni àjà alámọ̀, tí í máa ń wà lókè yàrá tí a ń sùn tàbí yàrá ìkẹ́rùsí. Lẹ́yìn tí a bá ti to igi àti ọ̀pá gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́, a ó po amọ̀, a ó sì rẹ́ ẹ lé e lórí títí tí kò fi ní sí àlàfo mọ́. Èrè àjà yìí jẹ́ méjì. Ó jẹ́ ibi ìkẹ́rùsí, ó sì tún jẹ́ ààbò lọ́wọ́ iná. Ní ìgbà tí ewé àti koríko ni a fi ń bo ilé, iná kan ṣoṣo lè mú òrùlé àdúgbò kan jó láàárín wákàtí kan. Bí àjà alámọ̀ bá wà, òrùlé lè jó kí ẹrù inú yàrá má jó, nítorí pé amọ̀ kì í gbiná. Nípa báyìí, ohun kan náà tí ó ru ẹrù ni ó ń dáàbò bo ẹrù.

Wàyí o, kí ni gbogbo èyí ní í ṣe pẹ̀lú yàrá iṣẹ́ ọwọ́? Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ aṣọ híhun. Láti ayébáyé ni a ti mọ àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Òfì wọn kò rí bí ti àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn, tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí òwú rẹ̀ sì nà lọ gbọọrọ lórí ilẹ̀. Òfì àwọn obìnrin ń dúró ṣánṣán sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Aṣọ tí a hun lórí rẹ̀ fẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá rán ìwọ̀nba díẹ̀ pọ̀, ó ti di ìró. Nínú ilé ni obìnrin ti ń hun ún, láàárín iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ọmọ. Nítorí náà, ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ kì í sábà tóbi. Òfì wà níbẹ̀, òwú funfun wà níbẹ̀, òwú aláró wà níbẹ̀, aṣọ tí a ti hun tán sì ń dúró de ẹni tí yóò rà á. Bí gbogbo wọn bá wà nílẹ̀, ahunṣọ kò ní rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Bí ó bá sì ń dá iṣẹ́ dúró nígbà gbogbo láti wá ohun tí ó fẹ́ lò, ilẹ̀ yóò ṣú kí ó tó hun ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó hun.

Kì í ṣe pé kí ahunṣọ kó gbogbo rẹ̀ sókè ni àtúnṣe. Àjà ní òfin tirẹ̀. Kí a tó gbé ohunkóhun lọ sí òkè, ìbéèrè mẹ́ta ni a ní láti bi í. Èkíní: báwo ni ó ti wúwo tó? Èkejì: ìgbà mélòó ni a ń lò ó? Ẹ̀kẹta: kí ni ó lè bà á jẹ́? Ohun tí ó bá fúyẹ́, tí a kì í lò lójoojúmọ́, tí ó sì kórìíra ọ̀rinrin, àjà ni ilé rẹ̀. Ohun tí ó bá wúwo, tàbí tí ọwọ́ ń wá lójoojúmọ́, tàbí tí ooru lè bà jẹ́, ìsàlẹ̀ ni kí ó gbé.

Bí a bá fi ìbéèrè mẹ́ta yìí wo ẹrù ahunṣọ, ìdáhùn kò ní ṣòro. Ọ̀kọ̀ tí ń gbé òwú kọjá àti pátákó pẹlẹbẹ tí a fi ń lu òwú pọ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà sí ọwọ́. Ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì ni àyè wọn. Ìkòkò aró wúwo, ó sì kún fún omi. Ìta ni kí ó wà. Ṣùgbọ́n òwú tí a ti ran sílẹ̀ de oṣù tí ń bọ̀ fúyẹ́, ọ̀rinrin sì lè bà á jẹ́. Kí a dì í sínú agbọ̀n olómorí, kí a sì gbé e sí àjà. Bákan náà ni aṣọ tí a hun fún àkókò kan pàtó. Bí àpẹẹrẹ, ọdún Ìgógó máa ń wáyé lóṣù Kẹsàn-án ní ìlú Ọ̀wọ̀, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ahunṣọ tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ ọdún láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní láti pa á mọ́ la gbogbo oṣù òjò já. Bí aṣọ náà bá gbẹ, tí kò sì ní àbàwọ́n ní ọjọ́ tí oníbàárà bá dé, èrè ti wọlé. Bí ó bá ti hu èébú, ẹ̀bẹ̀ ni yóò kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn oníṣẹ́ mìíràn. Ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká ní ilẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ẹni tí ó bá ń hun agbọ̀n kò lè ṣe kí ó má ní ọ̀pá gígùn àti páńkẹ́rẹ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í tóbi, ṣùgbọ́n wọ́n gùn. Bí a bá fi wọ́n ti ògiri, wọn a máa tẹ̀. Bí a bá tẹ́ wọn sílẹ̀, ènìyàn a máa tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Igi méjì tí a gbé dábùú sókè ti tó láti fi wọ́n lé, kí wọ́n wà ní títọ́, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí orí wọn yọ jáde sí ojú ọ̀nà. Òwe tí àwọn àgbà máa ń pa, pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó, ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an nínú yàrá oníṣẹ́.

Agbẹ́gi ní láti ṣọ́ra ju àwọn tó kù lọ. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lóko kún fún omi. Ìwúwo rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èyí tí ó ti gbẹ. Bí a bá gbé irú rẹ̀ sí òkè, ó lè dá igi àjà. Bí ooru bá sì pa á lójijì, ẹ̀yìn rẹ̀ a gbẹ, a sì fà pọ̀, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ìjà tí ó wà láàárín inú àti ẹ̀yìn yìí ni ó ń mú kí igi sán. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ gbé igi tútù lé òkúta lábẹ́ ibòji, kí ó má kan ilẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti gbẹ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ti fúyẹ́, ni ó tó gòkè àjà.

Àwọn kan lè sọ pé ilé òde òní kò ní àjà alámọ̀ mọ́, páànù ni a sì fi ń bo ilé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àyè òkè kò tí ì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣírò dán an wò. Yàrá kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí a bá so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ nípa ìlọ́po, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 120. Bí a bá kan pákó tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 mọ́ ògiri tí ó gùn jù, ní òkè ẹnu ọ̀nà níbi tí orí ènìyàn kò lè kàn án, a ti jèrè 24, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ yàrá náà. Bí a bá yí gbogbo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, àyè tí a jèrè yóò di 72, ó sì ju ìdajì ilẹ̀ yàrá lọ. A kò ra ilẹ̀, a kò fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, a kò sì kọ́ ògiri tuntun.

Ṣùgbọ́n ohun tí a gbé sókè lè já lulẹ̀, ohun tí ó bá sì já lulẹ̀ kì í bi ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ bóyá ó ti múra. Nítorí èyí, àwọn ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Pátákó pẹlẹbẹ tí a fi ń bo òkè yàrá lóde òní kò lè ru ẹrù. Ẹwà ni a fi í ṣe. Orí igi tí ó nípọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jókòó dáadáa lórí ògiri tàbí òpó, ni a ń gbé ẹrù lé. Kódà lórí irú igi bẹ́ẹ̀, ẹrù tí ó bá wúwo díẹ̀ kò gbọdọ̀ wà láàárín, nítorí pé àárín ni igi ti ń tẹ̀ jù. Kí èyí tí ó wúwo jù súnmọ́ ògiri, kí èyí tí ó fúyẹ́ bọ́ sí àárín. Kí a kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí àjà, kí ẹrù má baà yọ̀ ṣubú. Kí a má ṣe fi àga lé àga gùn ún. Àkàsọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin ni kí a lò, kí ẹnì kan sì di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú.

Ìkìlọ̀ tún wà nípa ooru. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa lọ sókè, páànù sì a máa fa oòrùn mọ́ra. Nítorí náà, abẹ́ páànù ni ó máa ń gbóná jù nínú ilé lọ́sàn-án. Àbẹ́là àti ìda yóò yọ́ níbẹ̀, ọ̀dà àti kẹrosíìnì sì lè di ewu ńlá. Kí á jìnnà sí kíkó wọn sí òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ní ààrò nínú yàrá kò gbọdọ̀ kó òwú tàbí koríko gbígbẹ sí òkè iná náà, pàápàá nígbà ọyẹ́. Èéfín dára fún àgbàdo. Ẹ̀ta-iná kò dára fún òwú. Ní ti eku, bí a bá yí páànù róbótó ká òpó àjà, kò ní lè rí ibi fi èékánná kọ́ gòkè. Kí a sì dí ihò ara ògiri, nítorí pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní rí ibi wọ̀ ọ́.

Ó ku ohun kan tí ó ju agbára igi lọ, òun ni ètò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ àjà di ibi ìkó-pàǹtí-sí. Ohun tí ó bá fọ́, tí wọn kò fẹ́ sọ nù, òkè ni wọ́n ń jù ú sí. Ní ọdún díẹ̀ sí i, àjà a kún, kò sì sí ẹni tí ó rántí ohun tí ó wà níbẹ̀ mọ́. Irú àjà bẹ́ẹ̀ kò ní èrè. Ilé eku àti ìnira igi ni. Ẹni tí ó gbọ́n a máa so àmì mọ́ agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, a sì kó ohun tí ó jọra sí ojú kan. Ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí òjò bá dáwọ́ dúró, a máa sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀, a sá wọn fún afẹ́fẹ́, a yẹ igi wò bóyá ikán ti kàn án, a sì yọ ohun tí kò wúlò mọ́ kúrò.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọgbọ́n yìí wà. Ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, òkè kan wà tí a ń pè ní Croix-Rousse. Àwọn ahunṣọ ṣẹ́dà ni ó pọ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òfì tí Joseph-Marie Jacquard ṣe ní nǹkan bí ọdún 1804 ga púpọ̀, nítorí náà a kọ́ ilé wọn kí òkè yàrá lè ga tó nǹkan bí mítà 4. Bí òfì ti gba ilẹ̀ tán, àwọn ahunṣọ fi pákó ṣe àjà sí apá kan yàrá, orí rẹ̀ ni ẹbí sì ń sùn sí. Ní ilẹ̀ Japan ẹ̀wẹ̀, àwọn ará Shirakawa-go kọ́ ilé tí òrùlé koríko rẹ̀ ga ṣóńṣó bí ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀. Inú àjà òrùlé náà ni wọ́n ti ń sin kòkòrò tí ń pọ òwú ṣẹ́dà. Iná ààrò ìsàlẹ̀ ń mú òkè lọ́ wọ́ọ́rọ́, èéfín rẹ̀ sì ń lé kòkòrò kúrò lára igi àti koríko. Ní ọdún 1995, a fi orúkọ abúlé wọn sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ ìyá àgbà tí ń so àgbàdo mọ́ òkè ààrò ní Ìpele tàbí ní Ẹmùrè-Ilé, síbẹ̀ ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Yàrá iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá lè jèrè nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ gbé ojú sókè níbẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ó wà ní òkè orí. Ẹ wo igi tí ó lè ru ẹrù àti èyí tí kò lè rù ú. Ẹ wo ohun tí ń bàjẹ́ nílẹ̀ tí ó yẹ kí ó gòkè, àti ohun tí ó wà lókè tí ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó pa ènìyàn lára. Iṣẹ́ ọwọ́ kò parí ní ọjọ́ tí a bá ṣe é tán. Ó di ọjọ́ tí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó ní pípé. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ní láti mọ̀ ọ́n pa mọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni àwọn ère Igbo'Laja kọ́ wa nípa ohun tí ilẹ̀ lè pa mọ́ àti èyí tí kò lè pa mọ́?
2. Dárúkọ ọ̀tá mẹ́ta tí ń ba iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ nílẹ̀, kí o sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe é.
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àjà ilé ìdáná àti àjà alámọ̀?
4. Yàrá kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí a bá kan pákó tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 mọ́ ògiri kan tí ó gùn jù, ìdá mélòó nínú ilẹ̀ yàrá náà ni a jèrè?
5. Èéṣe tí kò fi dára kí a gbé igi tútù sí àjà?
6. Kọ àròkọ kan lórí bí a ti ń kó ẹrù pamọ́ ní ilé yín tàbí ní ibi iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí o mọ̀. Lo ìbéèrè mẹ́ta inú ẹ̀kọ́ yìí láti fi hàn ohun tí ó wà ní àyè rẹ̀ àti ohun tí kò sí ní àyè rẹ̀.